Bí a ṣe ń kọ sọ̀wédowó tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lemọ́lemọ́ láti Iléṣà: akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù béèrè rẹ̀, onílé tó ń san owó fún kọ́ńtírátọ̀ béèrè rẹ̀, àwọn tó ń ra ọjà lọ́pọ̀ ní Atakúnmọ́sà àti ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ náà ń béèrè rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì ò fi ní dá a padà?"

Ìyẹn ò le, a sì máa sọ ọ́ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Àmọ́ ohun tó jẹ mí lógún jù ni èyí tí wọn kì í sábà béèrè: báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́ tí ẹlòmíì ò fi ní rí àyè fi nǹkan kún un? Gbogbo ibi tí ẹ bá fi sílẹ̀ lófìfo lórí sọ̀wédowó tí ẹ ti buwọ́ lù, ẹlòmíì lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀, ìbuwọ́lù yín ló sì máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

## Kí ẹ tó mú bírò

Ẹ kọ́kọ́ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Ṣé àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì lẹ ní? Òun ni wọ́n ń fún ní ìwé sọ̀wédowó. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń gba owó ara yín nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ kì í ṣe sọ̀wédowó.
- Ṣé owó tí ẹ fẹ́ kọ wà nínú àkáǹtì lónìí? Owó tí ẹnì kan ṣèlérí pé òun máa fi ránṣẹ́ lọ́la kò tíì di tiyín.
- Ṣé bírò yín dúdú tàbí búlúù, tí ohun tó bá kọ kì í parẹ́? Ẹ má lo pẹ́ńsù. Ẹ má lo irú bírò tí wọ́n ń fi rọ́bà pa rẹ́.
- Ṣé ẹ mọ orúkọ ẹni náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní báńkì rẹ̀?

Bírò tiyín ni kí ẹ fi kọ ọ́. Tí ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún bá na tirẹ̀ sí yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú tiyín jáde.

## Ìgbésẹ̀ méje

Ká ní ẹ fẹ́ san ₦185,000 fún káfíńtà kan ní Ìmọ̀ tó bá yín kan àga àti tábìlì, lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2026. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

1. Ẹ kọ ọjọ́. Inú àwọn àpótí kéékèèké tó wà lókè lápá ọ̀tún ni. Ọjọ́ ló ń ṣíwájú, oṣù ló tẹ̀lé e, ọdún ló kẹ́yìn: 07 03 2026. Àwọn ọmọ wa tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń fi oṣù ṣíwájú. Tí wọ́n bá kọ 03 07 2026, ọjọ́ 3 oṣù Keje ni báńkì máa kà á sí, wọ́n á sì sọ fún káfíńtà pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Oṣù mẹ́fà ni sọ̀wédowó fi ń wúlò láti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti di ògbólógbòó, báńkì kò ní san án.

2. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gba owó. Iwájú ibi tí wọ́n tẹ "Pay" sí ni. Ẹ má kọ "Ìyá Bọ́sẹ̀" tàbí "Alhájì", bó ti wù kí gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n mọ́ orúkọ yẹn tó. Orúkọ tó wà ní àkáǹtì ni kí ẹ kọ, ní kíkún. Tó bá jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ ló wà ní àkáǹtì káfíńtà náà, orúkọ iléeṣẹ́ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti òun fúnra rẹ̀. Ẹ bi í kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ sì ní kó fi hàn yín lórí fóònù rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ orúkọ wa ló ní ju ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ lọ. Lẹ́yìn orúkọ, ẹ fa ìlà títí dé òpin àyè náà.

Ẹ ṣọ́ra fún kíkọ "Cash" síbẹ̀. Ẹni tí ìwé náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lè gbé e lọ sí káńtà. Tí ẹ bá fẹ́ gba owó tiyín fúnra yín, inú báńkì ni kí ẹ ti kọ "Self", nígbà tí ẹ bá ti dúró sórí ìlà.

3. Ẹ kọ iye owó lọ́rọ̀. "One Hundred and Eighty-Five Thousand Naira Only". Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlà lápá òsì, kí ẹ má fi àyè kankan ṣíwájú. A máa sọ̀rọ̀ sí i lórí ìgbésẹ̀ yìí nísàlẹ̀.

4. Ẹ kọ iye owó ní nọ́ńbà. Inú àpótí tó wà lápá ọ̀tún ni: 185,000.00. Kí 1 àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ àmì náírà tó wà níbẹ̀.

5. Ẹ fa ìlà méjì. Ní igun òkè lápá òsì, ẹ fa ìlà méjì tó dagun, tó sì jìnnà síra díẹ̀. Ẹ kọ "A/C Payee Only" sáàárín wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé inú àkáǹtì ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ nìkan ni owó náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí, wọn kò ní kà á fún ẹnikẹ́ni ní káńtà. Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé sọ̀wédowó tí ẹ kọ fún ẹlòmíì, tó bá ti ju ₦100,000 lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ san án lówó lásán ní káńtà, nítorí náà ₦185,000 ti káfíńtà wa gbọ́dọ̀ gba inú àkáǹtì lọ́nàkọnà. Fún owó tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìlà méjì yìí nìkan ni ààbò tí ẹ ní. Ẹ má fò ó.

6. Ẹ buwọ́ lù ú, ìyẹn lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ tó kọ iye. Ìbuwọ́lù náà gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ báńkì mu. Àwọn àgbà wa tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, tí ìbuwọ́lù wọn kò rí bíi ti ogún ọdún sẹ́yìn mọ́, ẹ bá wọn lọ sí báńkì kí wọ́n fi ti ìsinsìnyí rọ́pò ti àtijọ́. Ó sàn ju kí wọ́n máa dá ìwé Bàbá padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

7. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí kùkùté. Kùkùté ni apá tó ṣẹ́ kù sínú ìwé tí ẹ bá ti fa ewé yọ. Ọjọ́, orúkọ, iye, ohun tí ẹ fi san, àti iye tó kù nínú àkáǹtì. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó fa ewé náà ya. Tí ẹ bá ní ẹ ó kọ ọ́ tí ẹ bá délé, ẹ ò ní kọ ọ́.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ewé náà kí ẹ tó fi lé e lọ́wọ́: ọ̀já funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Ẹ̀rọ ló ń ka ibẹ̀. Ẹ má kọ nǹkan sí i, ẹ má jẹ́ kí ìrù ìbuwọ́lù yín wọ́ dé ibẹ̀, ẹ má fi pín-ìn-nì gún un, ẹ má ká ewé náà. Láti ọdún 2013 làwọn báńkì ilẹ̀ wa ti ń fi àwòrán sọ̀wédowó ránṣẹ́ síra wọn dípò bébà fúnra rẹ̀, nítorí náà ìdọ̀tí tàbí ìwúnjọ tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan lè mú kí àwòrán náà má ṣeé kà.

## Ìlà iye owó: ibẹ̀ gan-an ni ewu wà

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ìlà yìí làwọn èèyàn máa ń sáré kọ jù.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ iye owó sórí sọ̀wédowó, ọ̀rọ̀ iye owó ní Gẹ̀ẹ́sì sì rọrùn láti fà gùn. Ẹ mú "Seven Thousand Naira". Tí àyè bá wà láàárín "Seven" àti "Thousand", lẹ́tà méjì péré ló kù kó di "Seventy Thousand". "Six" ń di "Sixty", "Nine" ń di "Ninety" bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. "Eight" ló burú jù: lẹ́tà kan ṣoṣo, y, ló sọ ọ́ di "Eighty". Ní ti nọ́ńbà, ẹni tó bá ti rí àyè láàárín 8 àti kọ́mà á ti òdo bọ̀ ọ́, 8,000 á di 80,000. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ títí báńkì á fi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Apá iwájú ìlà kò gbẹ́yìn. Tí ẹ bá fi àyè ìka méjì sílẹ̀ kí ẹ tó kọ "Twenty Thousand", ẹnì kan á kọ "One Hundred and" síbẹ̀. Tí 2 inú àpótí bá jìnnà sí àmì náírà, 1 á wọlé síwájú rẹ̀, ₦20,000 á sì di ₦120,000.

Bí ẹ ṣe máa dí gbogbo àyè yìí nìyí:

- Lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà pátápátá. Tí wọ́n bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ tiyín mọ́ ọn.
- Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ náà súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́tà kan kò fi ní ráyè wọ àárín wọn.
- Ẹ fi "Only" parí rẹ̀ nígbà gbogbo.
- Lẹ́yìn "Only", ẹ fa ìlà gbọọrọ títí dé òpin. Tí ìlà kejì bá wà lófìfo nísàlẹ̀, ẹ fa ìlà la ìyẹn náà já.
- Nínú àpótí, ẹ so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ra, ẹ fi kọ́mà sí i, kí ẹ sì fi .00 parí rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní: "Tí wọ́n bá yí i, ṣebí báńkì ló máa dá owó mi padà?" Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Ẹjọ́ kan wà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1918, tí àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Akọ̀wé iléeṣẹ́ kan ní London gbé sọ̀wédowó pọ́n-ùn méjì wá kí ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lù ú. Kò kọ iye lọ́rọ̀ rárá, ó sì ti fi àyè sílẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn 2 tó kọ. Ọ̀gá buwọ́ lù ú. Akọ̀wé fi 1 síwájú, ó fi 0 sẹ́yìn, ó kọ ọgọ́fà pọ́n-ùn lọ́rọ̀, ó sì lọ gbowó ní báńkì. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀gá náà ni kó fara gbá a, torí òun ló fi àyè sílẹ̀.

## Ohun tó ń mú kí báńkì dá a padà

- Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà kò bára mu. Lójú òfin, ọ̀rọ̀ ló borí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n báńkì kì í bá yín jiyàn, wọ́n á kàn dá a padà ni.
- Ìbuwọ́lù kò jọ ti ọwọ́ wọn.
- Ọjọ́ ti kọjá oṣù mẹ́fà, tàbí kò tíì pé.
- Orúkọ kò bá àkáǹtì mu.
- Wọ́n pe ẹni tó kọ ọ́ kó jẹ́rìí sí i, kò gbé fóònù. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó jẹ́ pé tí ẹ bá kọ jù ú lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí ṣáájú. Ẹ béèrè iye náà ní ẹ̀ka tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé sọ̀wédowó yín.
- Ẹnì kan tún nǹkan kọ lórí rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Láyé àtijọ́, tí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ ó fagi lé e, ẹ ó buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tán. Ní báyìí tó jẹ́ àwòrán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ẹ má dán an wò, ẹ má sì fi ọ̀dà funfun pa ohunkóhun rẹ́. Tí ẹ bá ti ṣi lẹ́tà kan kọ, ẹ fa ìlà méjì gbọọrọ kọjá ewé náà, ẹ kọ "CANCELLED" gàdàgbà sí i, ẹ ya nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi pín-ìn-nì so ó mọ́ kùkùté rẹ̀. Ẹ kọ òmíràn. Owó ewé kan kò tó nǹkan.

## Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ gbọ́ eléyìí

Ẹgbẹ́ ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń buwọ́ lù nítorí kí ẹnì kan ṣoṣo má bàa lè dá owó gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ààbò náà ṣe ń wó. Ààrẹ ń lọ sí Èkó lọ́la. Akọ̀wé wá bá a nílé lálẹ́:

"Ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa buwọ́ lu ewé mẹ́rin sílẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró."

"Kò burú, ọmọ mi. Gbé e wá."

Kò sí ìwà burúkú kankan nínú ohun tí akọ̀wé yẹn béèrè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ewé mẹ́rin yẹn máa sùn sínú dúrọ́ọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣí dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì. Ìdáhùn tó tọ́ ni pé: "Ọmọ mi, kọ ti ẹni tí a fẹ́ san fún pé, pẹ̀lú orúkọ àti iye, kí n tó buwọ́ lù ú. Èyí tí a kò bá tíì mọ iye rẹ̀, kó dúró dè mí." Àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ kò fi àìgbẹ́kẹ̀lé kan ọmọ náà. Ó ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn ni.

Ẹ tún fi èyí kún un:

- Ìwé sọ̀wédowó kò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń buwọ́ lù. Akápò ló ń tọ́jú rẹ̀, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́.
- Nígbà tí ìwé tuntun bá dé, ẹ ka ewé rẹ̀ lójú ibẹ̀ ní báńkì, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà wọn tẹ̀lé ara wọn. Olè tó gbọ́n kì í mú ewé òkè, àárín tàbí ìparí ló ti ń fa tirẹ̀ yọ.
- Tí ẹni tó ń buwọ́ lù bá kúrò lóyè, ẹ fi lẹ́tà tó báńkì létí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

## Sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí

Ìwà ọ̀daràn ni òfin ka kíkọ irú rẹ̀ sí. Òfin tó dá lé sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí, ti ọdún 1977, sọ pé ẹni tó bá fi irú rẹ̀ gba ọjà tàbí gba àwìn, tí wọ́n sì gbé e lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta tí kò sí owó tó tó níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sí pé ó lè fi owó ìtanràn dípò. Ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tó yè kooro láti gbàgbọ́ pé owó wà níbẹ̀ lè bọ́. "Mo rò pé owó á ti wọlé" kò tó ìdí.

Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ iwájú sórí ìwé kí ẹ wá máa retí pé Ọlọ́run á ṣe é. Tí ẹ kò bá ní owó lónìí, ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí ẹ dá ọjọ́ fún un.

## Tí ewé tàbí ìwé bá sọnù

1. Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ nọ́ńbà ewé náà. Ara kùkùté lẹ ti máa rí i, ìdí mìíràn nìyẹn tí kùkùté fi ṣe pàtàkì.
2. Ẹ lọ sí ẹ̀ka báńkì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ ti buwọ́ lù, kí wọ́n dá ewé náà dúró. Ìpè nìkan kò tó.
3. Tó bá jẹ́ odidi ìwé ló sọnù, ẹ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ sì gba ìwé ọlọ́pàá, torí báńkì sábà máa ń béèrè wọn.
4. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Tí wọ́n bá ti san owó náà kí lẹ́tà yín tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

## Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ fún

Ìran òṣómàáló la jẹ́ ní Ìjẹ̀ṣà, a mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọjà ti lọ kí owó má tíì dé. Ẹ ka gbogbo ojú ìwé náà níwájú ẹni tó kọ ọ́: ọjọ́, orúkọ yín, ọ̀rọ̀, nọ́ńbà, ìbuwọ́lù. Ẹ tètè gbé e lọ sí báńkì yín. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì ni owó sábà máa ń yọ, èyí tí ẹ bá san sínú àkáǹtì ní Jímọ̀, ẹ máa retí rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Iye náà lè hàn nínú àkáǹtì yín kó tó di pé ẹ lè ná an. Ìgbà tí báńkì bá sọ pé ó ti yọ ni kí ẹ kó ọjà fún oníbàárà.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó kọ ju iye ọjà lọ, tó wá ní kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù. Owó tiyín á ti lọ, ìwé tirẹ̀ á padà wá.

## Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ kọ sọ̀wédowó

Owó kékeré tó jẹ́ ti ojoojúmọ́, ẹ fi ránṣẹ́ láti orí fóònù tàbí kí ẹ lo POS. Orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa hàn kí ẹ tó tẹ ìparí. Ẹ kà á, torí owó tó bá ṣìnà kì í rọrùn láti dá padà.

Tí iléèwé tàbí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá ní òun kò gba sọ̀wédowó ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí báńkì bá yín ṣe dráàfù. Báńkì á ti yọ owó náà kúrò nínú àkáǹtì yín ṣáájú, ọkàn ẹni tó ń gbà á á sì balẹ̀. Ẹ ó san owó iṣẹ́ lé e.

Tó bá ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ, sọ̀wédowó kò lè gbé e láti báńkì kan sí òmíràn, òté Báńkì Àpapọ̀ ni. Ẹ lọ sí ẹ̀ka yín, kí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́ tààrà, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní káńtà.